Baba Basak Tó Ń Sọ Faransé

Glyndon Estate, Woolwich
November 2014

Auntie Rafatu mi,

Mo kí yín, mo kí Alhaji àtàwọn ọmọ ní Pọ́tónófò. Bashiru ọkọ mi ṣì ń wa bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ mi tó ń wú náà ti fúyẹ́.

Auntie, Baba Basak, ará Bẹngálì tí mò ń tọ́jú nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, fi ogójì ọdún kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Faransé ní yunifásítì ní Kolkata, ní Íńdíà. Dókítà ni bàbá rẹ̀ fẹ́ kó dà. Nígbà tó kọ̀, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí bàbá náà fi kú. Àtìgbà tó ti ní rọpárọsẹ̀, Faransé nìkan ló kù lẹ́nu ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń pariwo, ó ń di àyà mú. Máníjà wa ní, "Orí ẹ̀ ló dàrú. Fún un lóògùn oorun." Ṣùgbọ́n mo gbọ́ "mal, mal," ọ̀rọ̀ táwọn ọmọ yín máa ń sọ bí inú bá ń run wọ́n. Mo ní, "Rárá o, àyà ló ń dùn ún!" Ẹ̀rù bà mí pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ mo pe áńbúláǹsì. Àṣé ọkàn ẹ̀ ló fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Alihamudulilahi, ó yè é.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí Faransé tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé ṣe yín lóore. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Faransé kọ̀wé sí Baba. Bó bá sọ̀rọ̀ tán, ó máa ń dúró kí n fèsì, èmi á kàn máa rẹ́rìn-ín.

Àbúrò yín,
Afusat