Irin Ìwọ̀n Yín Tí Mo Lu Níhò

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ń pè tí ẹ ò lè dá mi lóhùn mọ́,

Mo ti dìde kúrò lórí ìjókòó yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó kọ ìlà àkọ́kọ́. Mo lọ bu omi, mi ò mu ún. Mo lọ to àwọn sípánà tí mo ti tò tẹ́lẹ̀. Ara mi ò balẹ̀. Mo ṣẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, bí mi ò bá sì kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò ní lè fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan lónìí.

Ẹ rántí Sùlè, èyí tí mo gé jẹ nílé kéú. Òun náà ti di onímọ́tò báyìí. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ń lo epo dísù, òun ló fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí Àkànràn. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń yọ èéfín dúdú, ló bá gbé e wá fún mi. Nọ́sù ni, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fín dísù sínú ẹ́ńjìnnì. Mẹ́rin ni wọ́n. Mẹ́ta gbọ́ràn, wọ́n jáde. Èédú àti ìpẹtà ti mú ìkẹrin mọ́ inú ihò rẹ̀. Mo da òróró sí i, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Mo fi hámà kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bú u. Kò mira. Bí mo bá sì fi gbogbo agbára wọ́ ọ, orí ẹ́ńjìnnì lè sán, Sùlè ò sì ní ọkọ̀ míì tó fi ń jẹun.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ọ́ wà, ṣùgbọ́n èyí tó bá ọkọ̀ yìí mu kò sí nítòsí, ni mo bá ní n ó ṣe tèmi. Kò le lójú mi: ọ̀pá irin gígùn kan tí n ó yí mọ́ orí nọ́sù, irin wúwo kan tó ní ihò láàárín, tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ lórí ọ̀pá náà, nọ́ọ̀tì ńlá lókè tí kò ní jẹ́ kó bọ́. N ó fọwọ́ méjèèjì gbá irin wúwo náà sókè, yóò lọ kọ lu nọ́ọ̀tì, kíkọlù yẹn ni yóò sì máa fa nọ́sù jáde díẹ̀díẹ̀. Mo ní ọ̀pá. Mo ní nọ́ọ̀tì. Irin wúwo ni mi ò ní.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní in.

Abẹ́ ibùsùn yín ló wà, nínú àpótí, òun àti àkísà funfun yẹn. Irin ìwọ̀n kílò márùn-ún, èyí tí ẹ fi ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn tí tiwọn ò kún àpò. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń nù ún kí ẹ tó gbé e sórí àwo ìwọ̀n, tí ẹ ó nu abẹ́ rẹ̀, tí ẹ ó sì fi àtàǹpàkò yí etí rẹ̀ ká. Ẹ máa ń sọ pé eruku ò gbọdọ̀ bá yín ra kòkó. Láti ọdún mẹ́fà tí ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó fi wọn nǹkan kan. Mo ní ṣebí irin lásán ni. Mo gbé e sábẹ́ dirílì.

Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì wọlé púpọ̀ tí ariwo rẹ̀ fi yí padà. Irin máa ń han létí, èyí dákẹ́. Ohun tó ń jáde rọ̀, ó ń dán. Òjé ni. Ẹnìkan ti da òjé sínú irin ìwọ̀n yín.

Mo pa dirílì. Ẹ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ tí Bàbá Sùlè gbé abọ́ kòkó wọn kúrò lórí ìwọ̀n lójú gbogbo èèyàn, tí wọ́n ń pariwo pé irin yín ń jẹ kòkó, pé ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo ń retí kí ẹ dá wọn lóhùn. Ẹ ò wí nǹkan kan. Ẹ nu irin náà, ẹ dá a padà sínú àpótí, ẹ ní kí n jẹ́ ká lọ kírun. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gé Sùlè jẹ. Ojú àpá náà ṣì wà lápá rẹ̀, ó sì máa ń fi han àwọn oníbàárà mi nígbàkígbà tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ló dé tí ẹ ò fèsì? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ẹ kì í ṣe oníjà ni. Nígbà tí mo rí òjé yẹn, mo sọ nǹkan mìíràn fún ara mi.

Ìwà òmùgọ̀ tí mo hù ni pé mo ti lu irin náà kí n tó ronú pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n wò. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ohun tó dà sílẹ̀. Oòfà bá mi kó ẹ̀rún irin, ṣùgbọ́n oòfà kì í mú òjé. Ìka ni mo fi ṣa ìyẹn nínú iyẹ̀pẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, mo gbé e pẹ̀lú irin yín lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta oúnjẹ adìyẹ lẹ́bàá títì, torí ó ní ìwọ̀n oníná. Bó bá lé ní márùn-ún, olè ni yín. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, mi ò ní bò ó fún yín.

Kò lé. Ṣe ló fi díẹ̀ dín, bí iyọ̀ tí èèyàn bù sọ́bẹ̀. Obìnrin náà wo òjé yẹn, ó ní ìyá òun náà ní irú irin bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ra èkùrọ́, pé àwọn tó ń ṣe é gan-an ló máa ń da òjé sí i nínú kó lè pé géérégé. Ó yẹ kí ara mi balẹ̀. Kò balẹ̀. Ẹ̀rún mélòó ni mi ò rí ṣà? Bó bá jẹ́ pé èyí tó sọnù ló mú un dín ńkọ́? Mo padà lọ fi asẹ́ sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Sùlè dúró, ó ń wò mí, ó bi mí bóyá ara mi yá.

Ọjọ́ kejì ni mo lu ihò náà já, mo kó irinṣẹ́ náà jọ, mo yí i mọ́ nọ́sù. Mo gbá a sókè, mo gbá a, mo gbá a, títí apá fi ń ro mí. Ó mira. Mo tún gbá a, ó sì yọ bí eyín tó ti kẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo yíjú wo ẹnu ọ̀nà, bíi pé ẹ ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ dáa tán, Sùlè ní ká wà á délé bàbá òun ká lè mọ̀ bó ṣe rí. Bàbá Sùlè ti darúgbó, abẹ́ igi ọsàn ni wọ́n máa ń jókòó sí. Wọ́n rí irinṣẹ́ náà níwájú ọkọ̀, wọ́n ní kí n gbé e wá. Wọ́n fi àtàǹpàkò yí etí irin náà ká gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti dá a mọ̀. Mo ti ń múra ìjà.

Wọ́n ní, "Irin yìí ò jẹ kòkó mi rí. Kòkó mi ni ò gbẹ: omi tó fà lára rẹ̀ láti ìgbà tí mo wọ̀n ọ́n nílé ló mú un dín. Bàbá rẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mọ̀, kò sì jẹ́ kẹ́nì kankan gbọ́. Bó bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ta ni ìbá tún ra kòkó lọ́wọ́ mi?"

Wọ́n ní ẹ wá sílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ní kí àwọn tún kòkó náà sá fún ọjọ́ mẹ́ta sí i. Wọ́n sá a. Ẹ rà á.

Bàbá, ilé wọn ò jìnnà sí tiwa. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń kọjá níwájú igi ọsàn yẹn, mi ò sì béèrè. Mi ò bi ẹ̀yin náà nígbà tí ẹ wà láyé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ni mo gbé ọ̀rọ̀ yín lọ.

Mo ti nu irin náà. Àkísà funfun yín ni mo fi nù ún, mo nu abẹ́ rẹ̀, mo yí etí rẹ̀ ká. Ihò ló wà láàárín rẹ̀ báyìí, kò lè wọn nǹkan kan mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo wọ̀n yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn dísù.