Ojú Kọ̀ǹpútà Tí Ìyá Rẹ Ní Ó Ń Ṣú

Àkọ́bí mi, ọmọ tó ń jẹ́ kí n gbójú sókè láàárín ẹgbẹ́,

Ṣé ara yín le níbẹ̀ yẹn? Ṣé ìyàwó rẹ wà dáadáa, ṣé Eléyín-Méjì ọmọ-ọmọ mi ti ń rìn láìdi ògiri mú? Ọlọ́run tó gbé e dìde lórí ìrákò yóò fún ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára. Àwa náà wà níbí, a ò ráhùn. Òrùlé tó ń jò lẹ́yìnkùlé, mo ti fi páànù lẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà ni wọ́n ń sọ. Kọ̀ǹpútà rẹ nìkan ni ara rẹ̀ kò yá, òun ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ ìwé yìí, tàbí kí n kúkú sọ pé òun ni mo rò pé ó ń ṣàìsàn, ìgbà tí o bá kà á délẹ̀ ìwọ náà á rí ibi tí ọ̀rọ̀ yíjú sí.

O mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò tà á fún wa lódindi. Ìwọ lo ń ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí o ṣì wà níléèwé, tí ìyá rẹ ń béèrè pé irú irin àlòkù wo lò ń kó wọlé bí ẹyẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Nígbà tí owó àpótí rẹ̀ ò sí, èmi ni mo fá pákó, mo kan àpótí fún un, mo sì fi fáníṣì kùn ún. Títí dòní, bí àlejò bá wọlé, wọ́n á rò pé aṣọ là ń kó sínú rẹ̀. Àtìgbà tí o sì ti kọ́ wa bí a ṣe ń fi í rí yín, ìyá rẹ kì í lọ síbì kankan ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè mọ́. Ó ní fóònù ti kéré jù, pé ojú ọmọ inú fóònù kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, ojú ọmọ tóbi tó abọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe é ni pé ó ń kú láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ ó máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, òkùnkùn á sì bò yín. Mo fọwọ́ kan àpótí, ó gbóná bí orí ọmọ tí ibà mú. Fáànù kékeré tó wà nínú rẹ̀ ti dákẹ́. Ni ìyá rẹ bá mú abẹ̀bẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń fẹ́ ẹ, àbí kò tún kú mọ́! Bí apá bá ń ro ìyá rẹ, èmi á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó télọ̀ tó wà lódìkejì yọjú wọlé, ó rí wa, ó ní ẹ kú ìtọ́jú o, ta lara rẹ̀ ò yá. Mo ní ara ti ń yá.

Kò pẹ́, ó tún gbé òmíràn dé. Tí a bá tàn án láàárọ̀, á ní ọdún tí o tò ó pọ̀ la ṣì wà. Mo sọ fún un pé rárá. Ìyá rẹ ní bóyá òun ló tọ̀nà, pé tó bá jẹ́ ọdún yẹn la wà lóòótọ́, kí orúnkún òun yáa yé dun òun. Ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yẹn, kọ̀ǹpútà kọ̀, kò fẹ́ pè yín rárá. Mo jókòó, mo rò ó títí, ó wá yé mi: ọdún tó ní a wà yẹn, o ò tíì gbéyàwó, wọn ò tíì bí Eléyín-Méjì, níbo ló ti fẹ́ rí i tí yóò fi hàn wá? Mo ṣàlàyé yìí fún ọ lórí fóònù, o ní kí n wá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Ẹni tí mo rí ni ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ-Má-Fòyà, ẹ̀gbẹ́ ilé onífọ́tò ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kò sóhun tí o lè bá a sọ tí kò ní dá ọ lóhùn bẹ́ẹ̀. Ó bá mi wá sílé, ó yọ bátìrì kan tó dà bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, ó ní òun ló ń bá a ka ọjọ́, pé ó ti kú. Ó fi fáànù tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ló fa nǹkan pẹlẹbẹ kan yọ, ó léyín bíi òòyà, ó ní ìrántí rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mi, ó mú írésà, írésà àwọn ọmọ iléèwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu ìrántí náà! Mo dìde fùú. Mo ní ṣebí írésà ni wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́, ṣé kì í ṣe inú ìrántí yẹn ni gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó yín wà. Ó ní ẹ má fòyà, Bàbá, ìdọ̀tí lòun ń nù. Mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n mo ń yẹ írésà náà wò bóyá màá rí orí ẹnikẹ́ni lára rẹ̀.

Ó parí, ó tàn án, ọdún tó ń kà ti tọ̀nà, atẹ́gùn ń fẹ́ nínú rẹ̀. Fọ́tò Eléyín-Méjì ló yọ lójú rẹ̀, mo pe ìyá rẹ kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní ó dáa, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì ń ṣú. Ẹ-Má-Fòyà nu ojú kọ̀ǹpútà náà mọ́ tónítóní. Ìyá rẹ ní ńṣe ló dà bíi pé èéfín ń rú níwájú fọ́tò ọmọ náà. Ọ̀dọ́kùnrin náà pààrọ̀ wáyà, èéfín ò kúrò. Ó sáré lọ gbé ojú kọ̀ǹpútà mìíràn wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tuntun, tó ń dán bíi díńgí. Ìyá rẹ ní èyí tún ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ èmi ń wo ojú kan náà, mò ń rí eyín ọmọ náà méjèèjì kedere. Orí mi dàrú. Mo bínú sí ọ̀dọ́kùnrin náà, mo ní ó ti fi írésà pa ìmọ́lẹ̀ rẹ́. Ìgbà yẹn ni kò wá sọ pé ẹ má fòyà. Ó kọjú sí ìyá rẹ, ó rọra béèrè pé Màmá, èwo nínú ojú yín méjèèjì ló ń rí èéfín yẹn. Ìyá rẹ ní òun fẹ́ lọ wo ohun tí òun gbé kaná.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ò tilẹ̀ sunkún, mi ò sì rí ohun tó wà níwájú mi. Mo wá ń rántí pé ó ti pẹ́ tó ti ń fọwọ́ wá ife lórí tábìlì. Ó ti kí ẹ̀wù iṣẹ́ mi tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé ẹ káàbọ̀, mo rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Mo ní ká lọ sí ọsibítù. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní kọ̀ǹpútà ni kí n gbé lọ. Dókítà fi iná wo ojú rẹ̀, ó ní awọ kan tó funfun bíi wàrà ti ń bo ẹyin ojú méjèèjì, ti ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán. Ó ní àwọn lè yọ ọ́ kí àwọn fi gíláàsì kékeré kan rọ́pò rẹ̀, á sì ríran, ṣùgbọ́n ká má fi falẹ̀ rárá. Mo bi í pé ṣé ojú èèyàn náà ní ẹ̀yà tí wọ́n ń pààrọ̀ bíi ti kọ̀ǹpútà ni. Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá írésà ni wọ́n á fi nù ún. Dókítà rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ mọ̀ ni.

Ọ̀nà ilé la wà kí ìyá rẹ tó jẹ́wọ́. Ó ní òun mọ̀ pé o ń tu owó jọ láti fi ra kọ̀ǹpútà tuntun fún wa, pé tí o bá tún gbọ́ ti ojú, ọkàn rẹ ò ní balẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó ní tí òun bá ti gbọ́ tí èmi ń sọ pé ọmọ ń rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, gbogbo Sọ́ńdè tí o rí i tó ń juwọ́ sí Eléyín-Méjì yẹn, ohùn ló ń juwọ́ sí.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, má ra kọ̀ǹpútà kankan. Owó yẹn gan-an ni kí o fi ránṣẹ́ fún ojú ìyá rẹ, màá ta tábìlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn parí kún un. Má fi sí báńkì tèmi o, ẹ̀rọ tó ń pọ owó lẹ́nu ọ̀nà wọn ti gbé káàdì mi mì, mo dúró tì í títí, mo rò pé ó ṣì ń jẹ ẹ́ lẹ́nu ni. Ti àbúrò mi ni kí o fi sí. Tí o bá sì ń bọ̀, mú nǹkan tí a lè kó fọ́tò sí lọ́wọ́, torí Ẹ-Má-Fòyà ní ibi tí kọ̀ǹpútà wa ń kó ẹrù rẹ̀ sí ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, pé ọjọ́ kan ni yóò kọ̀ láti ṣí.

Má fi fóònù bá mi sọ̀rọ̀ yìí, ìyá rẹ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí o bá pè, ó sì ti ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún ọ. Ó ní kí n ka ìwé yìí sí òun létí, mo kà á, mo fo ti ojú. Ó wá gbà á lọ́wọ́ mi pé kí òun fúnra òun wò ó, ẹni tó kọ́ ọ ní á, bí, dí. Ó wò ó lọ títí, ó ní mo kọ ọ́ dáadáa, kí n fi ránṣẹ́. Òdì ló gbé ìwé náà, orí ìwé ló wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á sàn ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ nínú ìlú yẹn. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, wàá sì rí ojú àwọn tó ń pè ọ́ ní bàbá àgbà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.