Ẹjọ́ Tí Mo Lọ Fi Sùn

Mardi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Port-Bouët

Èmi àti ìyá ọkọ mi padà sí àgọ́ ọlọ́pàá lónìí. Màmá ní kí n sọ pé mo ti dárí ji ọmọ òun. Mo sọ ọ́.

Ọ̀gá obìnrin tó gba ẹjọ́ mi lọ́jọ́ Sátidé gbọ́ mi tán. Ó ní, "Madame, ẹ lè dárí jì í, àmọ́ ẹjọ́ yìí ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ìjọba ló ń bá a ṣẹjọ́ báyìí."

Bàbá Ràṣídà, ọkọ mi, ṣì wà ní àtìmọ́lé.

Èmi rò pé wọ́n á kàn pè é, wọ́n á bá a wí pé kó má nà mí mọ́. Ṣebí bí a ṣe ń fẹjọ́ sun àgbà nílé nìyẹn, tí ọkọ á bẹ̀bẹ̀, tí ọ̀rọ̀ á parí. Plainte, ẹjọ́ tí a fi sun ọlọ́pàá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi àti Màmá wọ gbaka, ọkọ̀ èrò, padà. A délé, ó ní, "Bàbá ọkọ rẹ náà nà mí. Ta ni mo fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́?"

Ọwọ́ òsì rẹ̀ tí kì í nà tán ni mo ń wò. Ó máa ń sọ pé òun ṣubú ni. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni kí ọkọ na aya nígbà tiwọn. Ó ti wá di ọ̀ràn lójú òfin.

Nígbà tí obìnrin ọlọ́pàá yẹn ní ẹjọ́ ti kúrò lọ́wọ́ mi, ọkàn mi fúyẹ́. Kíá ni mo sorí kọ́, kí Màmá má baà rí i lójú mi.