Ìyẹ̀fun Tó Ń Fẹ́ Oòrùn

Kiev, oṣù kejì, 1986

Ìyá mi,

Lẹ́tà tí Tíṣà Lucien bá yín kọ ti dé. Èròjà méjì ni mo pò di ìyẹ̀fun tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Bí oòrùn bá pa á nínú omi, gáàsì tó ń jó bí epo á máa hó jáde. Mo kọ ọ́ sára ìgò: “Ẹ gbé e sí oòrùn.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò, alága ìgbìmọ̀ tó ń san owó ìwé mi wá gbé e sórí tábìlì àwọn àlejò pàtàkì, lábẹ́ àtíbàbà! Ó ní, “Kò hó. Òpùrọ́ ni Marcellin.” Ó sì ní kí wọ́n dá owó ìwé mi dúró. Ṣé kò lè kàwé ni?

Ara mi le. Mo ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan, òtútù kì í dé ibẹ̀.

Ẹ kí gbogbo ará Massè. Ẹ kí alága náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó bọ́ sínú oòrùn kó tó gbọ́ ìkíni mi.

Marcellin