Ẹ̀wù Tí Iná Kò Mọ̀

Ilé Tollefson,
Ọ̀nà Òkè Ṣọ́ọ̀ṣì,
Westby, Wisconsin.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì, ọdún 2014.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Marlys,

O kú òtútù o. Bí tiwa ṣe ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi níbí, mo mọ̀ pé ti Duluth lọ́dọ̀ yín á máa la òkúta. Orúnkún rẹ ńkọ́? Roger ńkọ́, ṣé ó ṣì máa ń jókòó sórí adágún dídì látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ nítorí ẹja tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ó ti rẹ̀ mí, irọ́ ló pa. Èmi náà ni mo kó yìnyín ẹnu ọ̀nà mi láàárọ̀ yìí.

Wàá ti máa wo àpótí yìí pé kí ló dé, nígbà tó jẹ́ pé káàdì Kérésìmesì tí mo kọ orúkọ sí lásán lo ń rí gbà lọ́wọ́ mi láti ọdún méjìlélógún. Ka lẹ́tà yìí dópin kó o tó tú ohun tó wà nísàlẹ̀. O mọ̀ pé ìwé kẹjọ ni mo kà dé kí Bàbá tó fà mí wá sídìí màlúù. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dà bí ibi tí adìẹ ti ta ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ò bá mi kọ lẹ́tà rí.

Gudrun ti kú. Gudrun tèmi, jagunjagun tí mo ti ń fi ṣeré láti ọdún 1981, nígbà tí Verlyn kọ́kọ́ gbé eré onídáìsì yẹn wá sí yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tí kálukú wa mú ẹnìkan tí yóò máa sọ ìtàn rẹ̀, tí dáìsì ń sọ bóyá ohun tó dáwọ́ lé yóò bọ́ sí i. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo bá obìnrin yẹn gbé pẹ́ ju bí mo ṣe bá Ìyá gbé lọ.

Láti ìgbà tí a ti sin Verlyn ọkọ mi, Duane tó ń wa ọkọ̀ ìkóyìnyín ló ń darí eré wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó ní àká ọkà abúlé Gudrun gbiná, àwọn ọmọdé sì wà nínú rẹ̀. Àwọn yòókù ń wá omi kiri. Mo ní Gudrun ń wọlé. Duane bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo bi í bóyá mo kólòlò.

Ṣé o rántí ẹ̀wù pupa Gudrun? O mọ bí Verlyn ṣe máa ń ṣe é: káàdì kékeré kan fún ohun kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà lókè, ìtàn nǹkan náà nísàlẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí koríko inú afẹ́fẹ́. Ohun tó kọ sí tèmi ni pé: "Iná kò mọ ẹni tó bá wọ ẹ̀wù yìí." Ohun tí mo gbójú lé nìyẹn.

Duane da dáìsì. Iná jẹ ẹyọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ẹ̀mí Gudrun, èyí tó ní ò sì ju ẹyọ mẹ́rìnlélógún lọ. Mo ti káàdì náà síwájú rẹ̀. Ó kà á, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Màmá, tòkè yìí ni òfin. Ẹ̀wù yìí fi ẹyọ kan kún ààbò yín, ó parí. Tìsàlẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ amọ́bẹ̀dùn ni. Kì í dá iná dúró."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Verlyn ló kọ ọ́."

"Ṣé ó ń parọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́, Màmá. Ohun tí àwọn ará abúlé ń sọ nípa ẹ̀wù náà ni."

Connie, tí òun náà ń bá wa ṣeré, tó ti fi àkàrà òyìnbó kún ẹnu, ní, "Duane, tó ò bá jí Gudrun Màmá dìde, kọfí mi ò ní kan ẹnu ẹ mọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jáwọ́, mi ò tọrọ àánú. Mo ní kí Duane fi ibi tí òfin náà wà hàn mí.

Ó fi hàn mí. Inú ìwé tí Verlyn fúnra rẹ̀ máa ń kọ ìdájọ́ eré wa sí ló ti ṣí i, oṣù Kọkànlá, ọdún 1992: "Bàtà Ilse. Ìtàn abẹ́ káàdì kì í ṣe òfin. Nọ́ńbà nìkan là ń kà. Ardis náà fara mọ́ ọn." Orúkọ tèmi ló wà níbẹ̀ yẹn.

Ilse rẹ, ẹni tí ìwọ fi ń ṣeré nígbà náà. Káàdì bàtà rẹ̀ ní odò kì í gbé ẹni tó bá wọ̀ ọ́, o sì mú un wọ odò. Nígbà tí Verlyn dájọ́ pé odò ti gbé e lọ, èmi lo yíjú sí, ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ní òfin lòfin, ẹni tí kò bá lè gbà á kó lọ máa hun ìbọ̀sẹ̀. Mo tún rẹ́rìn-ín. O mú kóòtù rẹ, o sì fi àwo ọ̀dùnkún oníwàràkàṣì rẹ sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ohun tó korò lẹ́nu mi jù nìyí. Verlyn ò fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún mi rí, o mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wù yẹn ni gbólóhùn kan ṣoṣo tó kọ fún mi, ibi tó mọ̀ pé a kì í kà ló sì kọ ọ́ sí. Mo bínú sí i débi pé mi ò tíì lọ sí itẹ́ òkú, tí mo máa ń lọ lójoojúmọ́, láti ọjọ́ Ìsinmi.

Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti bẹ̀bẹ̀. Àwo rẹ ló wà nísàlẹ̀ àpótí, mo fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún. Ìwé Ilse, tí nọ́ńbà àti ìtàn rẹ̀ wà lórí rẹ̀, wà nínú àwo náà. Verlyn kò jù ú nù. Mi ò fọwọ́ kan nọ́ńbà rẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n àyè ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, níbi ìtàn, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Odò kọ́ ló gbé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

Duane á ní kì í ṣe òfin. Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe òfin.

Bá mi kí Roger àtàwọn ọmọ. Connie ní kí n kí ọ.

Tìrẹ ṣì ni mí, bó o bá gbà,
Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ardis Tollefson.