Oorun tó gba ẹkùn lọ́wọ́ mi

Ọjọ́ Àìkú, nílé wa ní Laurel

Àná la ti India dé. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu, ọ̀la ni mo sì tún ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ní hospital.

Gbogbo sàfárì tá a lọ, mi ò rí ẹkùn. Oorun gbé mi lọ nínú jíìpù láàárọ̀ tá a lò kẹ́yìn nínú igbó. Nígbà tí mo jí, ọkọ mi ní àgbọ̀nrín nìkan ló kọjá. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Àfi lọ́sàn-án yìí tí Háwáù gba fóònù bàbá ẹ̀ tó ń wo fọ́tò, ló bá pariwo: “Mummy, you missed it!”

Ẹkùn ràbàtà, ilà dúdú lára ẹ̀, ó ń rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù. Èmi náà rèé níwájú, mo lanu sílẹ̀, mò ń sùn. Kódà itọ́ ń dà lẹ́nu mi.

Inú bí mi. “Dádì Háwáù, ṣebí ẹkùn yìí la torí ẹ̀ lọ! Kí ló dé tẹ́ ò jí mi?”

“Mo ti gbé ọwọ́ lé èjìká ẹ,” ni wọ́n wí. “Mo wá rò ó pé ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ tó o sùn báyẹn.”

Mo lọ ń lọ aṣọ iṣẹ́ ọ̀la.

Mo ní kí wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi. Mo tún ń wò ó báyìí. Ẹkùn yẹn ò tiẹ̀ jọ mí lójú mọ́. Obìnrin tó ń sùn yẹn ni mò ń jowú.