Ẹsẹ̀ Bàbá Rẹ Kò Fẹ́ Ọwọ́ Ẹnikẹ́ni

Festac Town, Èkó.

Fareedah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ní Ìbàdàn. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ara líle. Èmi náà wà, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, irú èyí tí oorun kì í mú lọ.

O ti gbọ́ pé bàbá rẹ ṣubú níbi ìpàdé àwọn onílé, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ò ní sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ. Bàbá rẹ dúró lórí pèpéle, wọ́n ń ka oyè ara wọn fún àwọn èèyàn. Wọ́n kan ìkẹta, wọ́n gbàgbé pé pèpéle ní etí. Iṣan líle tó wà lókè gìgísẹ̀ ló já. Dókítà fi bàtà gíga kan de ẹsẹ̀ náà, ó ní bí a kò bá fọwọ́ kàn án, iṣan náà yóò so pọ̀.

Ìwọ náà mọ ilé wa ní Kuje, nítòsí Festac níbí. Ẹni tó bá wá kí aláìsàn láìfọwọ́ ra ibi tó ń dùn ún, a ó ní kò wá. Gbogbo ẹbí ń tú bàtà, wọ́n ń fi òrí gbígbóná ra ẹsẹ̀ kí wíwú lè lọ. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ohun tó ti ń so ti tún ya.

Inúolúwa, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ náà nílé ìwòsàn, ló là á yé mi. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sáré débẹ̀ láti kó pàǹtí kúrò. Àwọn ló ń fa wíwú àti ooru. Bí wọ́n bá parí, apá kan nínú wọn á pa iṣẹ́ dà, wọ́n á ránṣẹ́ pe àwọn tó ń hun okùn tuntun. Bó bá ń ya lójoojúmọ́, àwọn akópàǹtí ò ní kúrò, àpá lásán ni yóò dí ibẹ̀. Ó ní bó bá tún ya, kí a má retí kí bàbá rẹ rìn láìsí ọ̀pá.

Mo bá gbé bàbá rẹ wá sílé mi, mo sì jókòó ti ẹsẹ̀ náà. Ẹbí ní mo jí olórí ẹbí gbé nítorí ilẹ̀ ẹbí tó wà ní Alákijà. Adédìran, ìbátan wa, ní Tíṣà, bí wọ́n ṣe ń pè mí, fẹ̀yìn tì, kò rí ọmọ tí yóò pàṣẹ fún mọ́, ó wá kọjú sí ẹsẹ̀ oníẹsẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, Àǹtí Sìlífátù, ẹ̀gbọ́n wa, gbé òrí wá láti Agboju. Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n nawọ́ sí bàtà. N kò lè ti ẹni tó pọ̀n mí dàgbà. Bàbá rẹ, tí kì í kọ ìkẹ́, ló sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ tún rìn. Ọwọ́ mi ni kí ẹ dì mú." Ó pẹ́ kí Àǹtí tó nu òrí ọwọ́ wọn, kí wọ́n tó di ọwọ́ àbúrò wọn mú, omi lójú.

Àwọn yòókù ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Jọ̀ọ́, wá gba ìṣọ́ ẹsẹ̀ yìí lọ́wọ́ mi fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ ni ọ́. Ta ni yóò sọ pé ilẹ̀ lò ń wá?

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kó má jẹ́ kí ohun tó dára já mọ́ ọ lọ́wọ́.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ládélé Ògúnjìmí.

Àfikún: Inúolúwa yẹ̀ ẹ́ wò lánàá, ó ní ó ti ń so. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ò pè ọ́ o. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń béèrè bóyá mo ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.